Iyọ̀ Lókè, Ọsàn Wẹ́wẹ́ Lápá Òsì

Adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àwo oúnjẹ nílé oúnjẹ Tatya Karkhanis ní àdúgbò Girgaon. Ohun tó ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí puran poli, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹ̀wà dídùn sínú rẹ̀, wà nítòsí ọwọ́ òun, ló bá fi ìka méjì ti etí àwo. Àwo yí, ohun dídùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iyọ̀ tó yẹ kó wà lókè àwo sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀. Tatya jáde láti ẹ̀yìn, kò kí i, ó dá àwo náà padà sí bó ṣe wà. Adájọ́ rò pé àṣìṣe ni, ó tún un yí. Tatya náà tún un yí. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó wà nídìí tábìlì tó jìnnà ti dìde dúró kí wọ́n lè rí i dáadáa.

"Ẹ gbọ́, àwo tèmi ni mo ń yí o," adájọ́ wí.

"Mo mọ̀, ọ̀gá mi. Ní kóòtù yín, ṣé ẹni tí wọ́n mú wá fún ẹ̀sùn olè lè lọ jókòó sórí àga yín torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ fèrèsé?"

Adájọ́ wo iyọ̀, ó wo ọsàn wẹ́wẹ́, ó wo Tatya. Ó ní rárá. Tatya ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníkálùkù wà láyè rẹ̀: iyọ̀ lókè, ọsàn wẹ́wẹ́, ata tí wọ́n fi àgbọn lọ̀ àti gbogbo ohun kíkan lápá òsì, ẹ̀fọ́ àti abọ́ ọbẹ̀ lápá ọ̀tún, ìrẹsì níwájú ẹni tó ń jẹun. Adájọ́ jẹun bí wọ́n ṣe gbé e fún un. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń wá síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìyẹn, kò sì fọwọ́ kan etí àwo mọ́.

Kò sí ilé kan ní àdúgbò wa tí wọn kì í to àwo bẹ́ẹ̀. Ìyá oníkálùkù ló kọ́ ọ. Àmọ́ àṣà ni nílé tiwa. Lọ́dọ̀ Tatya, òfin ni. Moreshwar ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Tatya ni gbogbo ayé ń pè é, bí a ṣe ń pe àgbà ọkùnrin tí a fẹ́ràn tí a sì tún ń sá fún díẹ̀. Ó pẹlẹbẹ bí igi tí wọ́n fi ń na aṣọ, ó ń wọ dhoti, aṣọ tí ọkùnrin ń ró mọ́ ìdí, funfun tí ọbẹ̀ kò tà sí rí, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ.

Tatya ti kú, ọdún méjì ń bọ̀. Ìtàn adájọ́ yìí tún gba ẹnu wa kan ní àjọ̀dún Padwa, ọjọ́ ọdún tuntun wa, ní ọdún yìí, ọjọ́ tí Vrunda, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tún ilé oúnjẹ náà ṣí. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn pa. Igi àjà ti jẹrà, wọ́n sì ní láti yọ ọ́ kúrò, bí wọ́n ti yọ ọ́ tán ni ògiri náà ní òun ò dúró mọ́. Shripad, ọmọ Tatya, ọkọ Vrunda, ti ṣe tán láti gbé ibẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń ta fóònù. Vrunda bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè títí òjò ọdún yìí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn èrò àtijọ́ bá padà wá, tí wọ́n sì ń wá, ó di tiwọn. Bí wọn ò bá wá, kí fóònù wọlé. Ohun tó so mọ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀, nítorí pé Shripad kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ìtẹ̀gùn.

Kí n tó sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń jẹ àwa aládùúgbò lọ́kàn nípa Tatya, nítorí pé ọkùnrin náà lọ tòun ti ìdí abájọ rẹ̀.

Àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó rí i kó jẹun rí. Olóúnjẹ ni o. Àwọn kan ní ààwẹ̀ ló ń gbà. Àwọn kan ní ó ń yọ́ lọ jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará Udupi tó wà lódìkejì títì, ẹ̀sùn tó burú ju olè lọ. Pendse, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tábìlì kẹta ni tirẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, pè é síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kó lè rí òtítọ́ fúnra rẹ̀. Tatya wá, ó gba àwo, ó yin àwo, ó yin ẹni tó to àwo, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ fún Mai ìyàwó rẹ̀. Pendse padà sílé pẹ̀lú ìbéèrè kan náà, tòun ti gbèsè ìgbéyàwó.

Bhikaji alásè nìkan ló lè sọ pé òun rí nǹkan kọjá lẹ́nu ọ̀gá òun. Ẹlẹ́sìn ni Bhikaji. Kò sí ọbẹ̀ tó ń tọ́ wò nígbà tó wà lórí iná, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, ẹnu ènìyàn kì í kan ohun tí Ganpati, òrìṣà wa, kò tíì gba tirẹ̀ níbẹ̀. Ojú ló fi ń sè, imú ló fi ń gbọ́. Tí wọ́n bá ti gbé ti òrìṣà fún un, á bu díẹ̀ sínú ṣíbí onígi fún Tatya. Tatya á dijú, á gbé e mì, á ní ó dáa. Ní ọjọ́ kan tí Tatya bú u nítorí èéfín, Bhikaji fi ìkanra bu omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì sínú ṣíbí náà. Tatya dijú, ó gbé e mì. Ó ní, "Bhikaji, èyí sàn ju tàná lọ." Bhikaji rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Ogún ọdún ló fi ń sọ ọ́ pé kò sí ẹni tó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe tó ọ̀gá òun.

Ìyẹn tún sàn. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé ọkùnrin tí kì í jẹun yìí mọ ohun tí oníkálùkù jẹ. Kì í jókòó nídìí káńtà bí àwọn olóúnjẹ yòókù. Ibi tí wọ́n ti ń fọ àwo ló máa ń wà, lẹ́yìn fèrèsé onígi kan tó ní ihò wẹ́wẹ́, a sì rò pé ńṣe ló ń ṣọ́ àwo kí wọ́n má jí i. Pendse kò fẹ́ràn ejìnrìn. Ẹ̀yin náà mọ ejìnrìn. Èso rẹ̀ la máa ń gé sínú ẹ̀fọ́, kò sì dùn ju ewé rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan, ó fi èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ bo èyí tó kù mọ́lẹ̀, ó fọwọ́, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Tíṣà," Tatya ké láti ẹ̀yìn, "ta lẹ ń fi ejìnrìn pamọ́ fún?"

"Mo jẹ ẹ́ tán."

"Apá kan lẹ jẹ. Èkejì wà lábẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ padà wá jókòó."

Ẹni tó ti na ọmọ àdúgbò yìí ní ìpele mẹ́ta, láti orí bàbá dé orí ọmọ ọmọ, padà wá jókòó, ó sì jẹ ejìnrìn níwájú gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ti jẹ ẹgba rẹ̀ rí pọ̀ níbẹ̀, inú wọn dùn dé ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe eré nìkan ni. Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ń wá jẹun, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó jẹ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ tán, ó fi ohun dídùn sílẹ̀. Tatya jáde wá bá a, ó jókòó, èyí tí kì í ṣe. Ó bi í léèrè ẹni tó kú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, ó ti di ọjọ́ mẹ́rin, kò sì tíì sọ fún ẹnì kan níbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yẹn ti gbà pé àǹjọ̀nú wà pẹ̀lú Tatya, àwa náà ò sì jiyàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìjókòó kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀, agogo méjìlá àti agogo kan. Ìkòkò kan náà ni, alásè kan náà ni, síbẹ̀ gbogbo Girgaon ló mọ̀ pé amti ìjókòó kejì ló dùn jù. Amti ni ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi omi ẹ̀wà puran poli sè. Àjàgbọn ló ń mú un kan, ata ló ń mú un ta, ṣúgà pupa sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jà. Àwọn tó gbọ́n máa ń dúró síta kí agogo kan lù. Tatya kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ pé: "Ìjókòó kìíní, agogo méjìlá. Ìjókòó kejì, agogo kan. Má béèrè èyí tó dára jù." Nítorí náà ni gbogbo ènìyàn fi ń béèrè.

Ọjọ́ Padwa pé. Òpá àjọ̀dún ti wà lójú fèrèsé gbogbo, aṣọ sílíìkì lára wọn, ìkòkò dídojúdé lórí wọn. Àwa náà ti jẹ ewé dóńgóyárò tiwa pẹ̀lú ṣúgà pupa láàárọ̀, kí ọdún lè mọ̀ pé a ti mú ìkorò rẹ̀ mọ́ra ṣáájú. Ilé oúnjẹ náà mọ́ rekete. Wọ́n ti fi amọ̀ dídán sí ilẹ̀, fáànù tuntun kò pariwo mọ́, wọ́n sì ti gbé ibi tí wọ́n ti ń fọ àwo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, fèrèsé onígi ti lọ. Àwòrán Tatya wà lára ògiri pẹ̀lú òdòdó lọ́rùn, ojú rẹ̀ le bíi pé àwo ẹnì kan ti yí.

Vrunda kò sùn. Ó ti jẹ ẹ̀kúnwọ́ dóńgóyárò kí oríire lè pọ̀, nígbà tó sì fi máa tọ́ amti wò lẹ́yìn ti òrìṣà, ohun gbogbo korò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ìjókòó kìíní kún. Kò sí ẹni tí kò yìn ín. Wọ́n ní ó dùn, wọ́n ní bíi ti Tatya ló rí, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Pendse gbé ọwọ́ lé Vrunda lórí, ó ṣàdúrà fún un. Ẹnu dùn ún rofọ́. Vrunda dúró lójú ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò, ó sì rí i pé kò sí ẹnì kan tó na abọ́ pé kí wọ́n bu amti kún un. Ẹyọ kan kò sí. Láyé Tatya, àwọn agbáwo kì í lè gbé ìkòkò amti sílẹ̀.

Ó rí ọkùnrin tó ń ta fóònù lẹ́nu ọ̀nà ìta. Ó wá kí wọn kú ọdún. Ó mú tépù ìwọn lọ́wọ́.

Vrunda sá lọ sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí Mai jókòó sí, tó ń ṣa ewé. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti bà á jẹ́, òun ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn ní ó dùn, kò sì dùn. Ó bi Mai pé kí ni Bàbá máa ń ṣe sí amti náà.

Mai gbé ewé sílẹ̀. "Bàbá rẹ ò mọ adùn," ó wí.

Vrunda wò ó.

"Ó ku oṣù mẹ́ta ká ṣègbéyàwó ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó mú adùn lọ. Iyọ̀, ṣúgà, àjàgbọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú. Ó mọ̀ pé ata gbóná, kò mọ̀ pé ó dùn."

"Mai, kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún wa?"

"Ó mú mi búra. Ta ló máa jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ tí kò mọ adùn? Ìyẹn náà ni kò jẹ́ kó jẹun lójú ènìyàn." Mai nu ọwọ́ mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀. "Ìyàwó mi, ẹnu ènìyàn ń purọ́, pàápàá ẹnu ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Àwo kì í purọ́. Àwo ìjókòó kìíní ló fi ń tún ti ìjókòó kejì ṣe. Dìde, lọ wo àwo."

Vrunda lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwo wà níbẹ̀ ní òkìtì, wọn ò tíì fọ̀ wọ́n. Àwọn agbáwo tuntun ti gbé nǹkan sí ibi tó bá wù wọ́n. Iyọ̀ wà lápá ọ̀tún nínú èyí, ọbẹ̀ wà lápá òsì nínú ìyẹn, gbogbo rẹ̀ ti di àbàwọ́n pupa rúsúrúsú lórí ara wọn. Ẹni bá ní òun á mọ èyí tí wọ́n jẹ níbẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ìgbà náà ló tó yé e ìdí tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi bá adájọ́ fa àwo ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìwé tí Tatya ń kà nìyẹn, òun ló fi mọ̀ pé ẹni tó fi ohun dídùn sílẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀, kò sì sí ẹni tó lè ka ìwé tí wọ́n ti da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rú.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá ọ̀kan tó gún régé. Ó tún rí òmíràn. Mọ́kànlá ni wọ́n. Àwọn èrò àtijọ́ ló ni wọ́n. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gbé iyọ̀ padà sókè, wọ́n gbé ọsàn wẹ́wẹ́ sápá òsì, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, bóyá wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ṣe é. Vrunda tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀fọ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ìrẹsì tán. Iyọ̀ wà bó ṣe wà. Abọ́ amti, gbogbo wọn dé ìdajì. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lápá òsì, nínú gbogbo mọ́kànlá, wọ́n ti fún un gbẹ títí èèpo rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú àwo kan, ejìnrìn wà lábẹ́ èèpo náà.

Ó wọ ilé ìdáná. Ó ní kí Bhikaji po àjàgbọn sí i, ẹ̀kúnwọ́ méjì, kó má fọwọ́ kan iyọ̀.

"Ẹ ti tọ́ ọ wò ni?" Bhikaji bi í.

"Rárá. Mo ka àwo ni, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe. Bàbá kì í mọ adùn, Bhikaji. Mai ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi."

Bhikaji gbé ṣíbí onígi sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó rántí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ogún ọdún lòun fi ń sọ ìtàn yẹn kiri. Vrunda ní kó dìde, agogo kan ti fẹ́ẹ̀ lù, àwọn èrò wà níta, kó sunkún nígbà tó bá ń po àjàgbọn lọ́wọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, Vrunda pe àwọn agbáwo jọ, ó sọ fún wọn níbi tí iyọ̀ ń jókòó. Ohùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí Shripad fi yọjú láti wo ẹni tó wọlé.

Ìjókòó kejì kò yìn ín. Ẹnu wọn dí. Ohun tí a ń gbọ́ ni ìró ọbẹ̀ tí wọ́n ń fà mu, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àkọ́kọ́ na abọ́, òmíràn nà, ó wá di pé àwọn agbáwo ń sáré. Ọkùnrin oní-fóònù tó ní òun kàn fẹ́ kí wọn ti gba abọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó jẹun tán, ó wo ògiri náà fún ìgbà díẹ̀, ó ká tépù rẹ̀ sápò, ó bi agbáwo pé ṣé puran poli á wà lọ́la. Pendse, tó ti jẹun ní ìjókòó kìíní, tún wà ní tábìlì kẹta bíi pé a ò rí i tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ tán, tó ti dé ẹnu ọ̀nà, ohùn Vrunda bá a láti ẹ̀yìn.

"Tíṣà, ta lẹ ń fi ejìnrìn pamọ́ fún?"

 Pendse dá ẹsẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́, láti tábìlì kan dé èkejì, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró síta tí wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Pendse ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó padà wá jókòó, ó ṣí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, ó jẹ ejìnrìn náà tán.

Nígbà tí èrò lọ tán, Vrunda gbé oúnjẹ fún Mai nídìí tábìlì tó kọjú sí àwòrán. Kò bi í bóyá ó dùn. Mai ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọkùnrin yẹn máa ń jókòó sí iwájú òun, á máa wo ẹnu òun bí ẹni ń wo sinimá. Á ní, "Ìyá Shripad, sọ fún mi bó ṣe rí." Òun á sọ ọ́: pé ó kan díẹ̀, pé ṣúgà dé lẹ́yìn, pé ata gbẹ̀yìn. Ó ní nígbà mìíràn tí oúnjẹ ò bá dára, òun á purọ́ fún un kó lè sùn dáadáa, láàárọ̀ ọjọ́ kejì á sì dé láti ibi àwo, á ní, "O purọ́ fún mi." Mai rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ní ẹni tí òun ń sọ ọ́ fún mọ́.

"Ẹ sọ fún mi," Vrunda wí.

 Mai jẹun tán, ó ti àwo síwájú, ó lọ fọwọ́.

Vrunda gbé àwo náà. Ẹ̀fọ́ tán, ìrẹsì tán, abọ́ amti mọ́ bíi pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Iyọ̀ wà lókè. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà lápá òsì, ó tutù yọ̀yọ̀, kò sí ẹni tó fún un. Vrunda mú un, ó gbé e síwájú àwòrán Tatya, lápá òsì.